Ṣẹ́ẹ̀kìméètì tí kò ṣeé yẹ̀ ní ìparí eré ṣẹ́ẹ̀sì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ ìrìn ṣẹ́ẹ̀sì la lò níbí: K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin. Pọ́ọ̀nù kò ní lẹ́tà tirẹ̀. Ilé tó bá bọ́ sí nìkan là ń kọ, àfi bó bá jẹ ọmọ ayò, tí a óò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìlà tó ti wá, bíi bxa6. Orúkọ ilé jẹ́ lẹ́tà ìlà òró (a dé h) àti nọ́ńbà ìlà ìbú (láti 1 lọ́dọ̀ Funfun dé 8). Bí àmì mẹ́ta (...) bá tẹ̀ lé nọ́ńbà, ìrìn Dúdú ni. Àmì x ni pé ó jẹ ọmọ ayò kan, + ni ṣẹ́ẹ̀kì (ìhalẹ̀ sí ọba), # ni ṣẹ́ẹ̀kìméètì (ṣẹ́ẹ̀kì tí ọba kò lè bọ́ nínú rẹ̀, eré parí), tí a óò máa pè ní méètì ní kúkúrú. Ẹ gbé pátákó kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa to ọmọ ayò sí i bí ẹ ṣe ń kà á.

Kí ni "tí kò ṣeé yẹ̀" túmọ̀ sí gan-an?

Ibi yòówù kí alátakò gbà, méètì ń dúró dè é níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó lè gbàgbé, kì í ṣe pé ó lè ṣì í rìn. "Méètì ní ìrìn 2" ni pé Funfun rìn, Dúdú fèsì, Funfun rìn lẹ́ẹ̀kejì, eré parí. Ìrìn Funfun nìkan là ń kà. Bí Dúdú bá ní èsì 7 lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ní méètì fún èsì méjèèje. Bí ẹ bá rí ti mẹ́fà, tí ìkeje bọ́, ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Ibí yìí lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á bá Dúdú yan èsì tó wu àwọn fúnra wọn, wọ́n á wá fi méètì dá a lóhùn.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Lára ọba alátakò ni, kì í ṣe lára ọmọ ayò yín. Ọba tó wà láàárín pátákó ní ilé 8 tó yí i ká. Èyí tó wà létí ní 5. Èyí tó há sí kọ̀rọ̀ ní 3 péré. Ẹ mú àwọn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ béèrè pé: ta ló dí ibí yìí? Ó lè jẹ́ ọmọ ayò òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé tiyín ló ń ṣọ́ ọ. Ilé tí kò sẹ́ni tó dí i ni ihò tí yóò gbà sá. Lẹ́yìn èyí lẹ óò wá ka ìrìn tí àwọn ọmọ ayò rẹ̀ yòókù ní, títí kan pọ́ọ̀nù kékeré tó dà bíi pé kò já mọ́ nǹkan.

Ẹ wo èyí. Funfun: ọba f6, rúùkù g1. Dúdú: ọba h8 nìkan. Funfun ló kàn, méètì ní ìrìn 2.

Ilé 3 ni ọba Dúdú ní. Rúùkù ń ṣọ́ g8, rúùkù àti ọba jọ ń ṣọ́ g7, h7 ló ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ á máa yún èèyàn láti fi 1.Rh1+ lé e. Àmọ́ bí rúùkù ṣe kúrò lórí ìlà g ló ti ṣílẹ̀kùn g8 fún un: 1...Kg8 2.Rh2 Kf8 3.Rh8#. Méètì dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn 3 ló gbà.

Ìdáhùn ni 1.Kf7. Ọba yín ti wá ń bá rúùkù ṣọ́ g8 àti g7. H7 nìkan ló kù fún Dúdú, dandan sì ni kó lọ: 1...Kh7. Ní h7 yẹn, ọba f7 ti gba g8, g7 àti g6 mọ́ ọn lọ́wọ́. Rúùkù yọ sí h1, ó gba h8 àti h6: 2.Rh1#. Ẹ rí i pé a kò dí ihò h7 rárá. Ihò kan ṣoṣo tí a fi sílẹ̀ ló gbé e lọ síbi tí a ti fẹ́ kó wà.

Ṣé ṣẹ́ẹ̀kì ni ìrìn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́?

Ó dá lórí ibi tí àlọ́ náà ti wá. Bí ó bá jẹ́ láti inú eré tí ènìyàn méjì ta ni wọ́n ti yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ṣẹ́ẹ̀kì, lẹ́yìn náà ìrìn tó ń jẹ nǹkan, lẹ́yìn náà èyí tó ń halẹ̀ méètì. Ṣẹ́ẹ̀kì ló ń dín èsì Dúdú kù jù, nítorí náà òun ló yá kà.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlọ́ tí ẹnì kan jókòó tò, ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kì sẹ́yìn. Àwọn tó ń to àlọ́ kì í fẹ́ kí ìrìn àkọ́kọ́ jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì tàbí kó jẹ ọmọ ayò. Ó ti rọrùn jù lójú wọn. Wọ́n sì fẹ́ kí ìdáhùn jẹ́ ẹyọ kan. Àlọ́ tí ìrìn àkọ́kọ́ méjì bá yanjú ti bàjẹ́ lójú wọn. Bí ẹ bá wá rí ṣẹ́ẹ̀kì ńlá kan tó dà bíi pé ó parí gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fura sí i.

Ẹ fi ọ̀kan hàn wá tí kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì ló ṣí i.

Èyí tí wọ́n máa ń kà sí ti Paul Morphy, ọ̀gá ayò ọmọ New Orleans, kò láfiwé fún ẹ̀kọ́ yìí. Funfun: ọba c8, rúùkù a1, pọ́ọ̀nù b6. Dúdú: ọba a8, bíṣọ́ọ̀bù b8, pọ́ọ̀nù a7 àti b7. Funfun ló kàn, méètì ní ìrìn 2.

Ẹ ka ilé ọba Dúdú: a7, b7, b8. Ọmọ ayò tirẹ̀ ló jókòó sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò lè mira. Kí wá ni àwọn tó kù lè ṣe? Pọ́ọ̀nù b7 kò lè lọ síwájú, torí pọ́ọ̀nù yín wà ní b6, kò sì sí ohun tó lè jẹ. Pọ́ọ̀nù a7 kò lè jẹ b6, nítorí rúùkù a1 ti kàn án mọ́lẹ̀: bó bá kúrò lórí ìlà a, ọba rẹ̀ wà níta gbangba. Síbẹ̀, ó lè sún lọ sí a6 tàbí a5, torí orí ìlà a náà ló ṣì wà. Bíṣọ́ọ̀bù ní ilé 6 tó lè lọ, láti c7 títí dé h2.

Ẹ wá wo ohun tí bíṣọ́ọ̀bù náà ń ṣe níbẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ a7. Bó bá kúrò ní b8 pẹ́nrẹ́n, Rxa7# ni: pọ́ọ̀nù b6 gbe rúùkù lẹ́yìn, ọba kò lè jẹ ẹ́; ọba c8 ń ṣọ́ b8; b7 sì ti kún. Nítorí náà bíṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ rìn. Ohun tó ń gba Dúdú sílẹ̀ ni pọ́ọ̀nù a7. Bí Funfun bá fi ìrìn kan ṣeré lásán, bíi 1.Ra2, Dúdú á sún a6 tàbí a5, méètì kò ní sí ní ìrìn kejì.

Ó wá kù kí a dí pọ́ọ̀nù yẹn lójú ọ̀nà. Ra5 kò tó, torí a6 ṣì ṣí sílẹ̀. Ìdáhùn ni 1.Ra6, a gbé rúùkù sí pọ́ọ̀nù b7 lẹ́nu gbàgà. Èsì méjì ni ó kù:

1...bxa6 2.b7#. Pọ́ọ̀nù ló pa ọba. Bíṣọ́ọ̀bù b8 kò lè jẹ b7, torí igun ló ń rìn, ọba kò sì lè jẹ ẹ́, torí ọba c8 ń ṣọ́ ọ.

1...bíṣọ́ọ̀bù lọ síbikíbi, 2.Rxa7#. Bó bá jẹ́ c7 ló lọ, ọba yín lè jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́, méètì ló wà lọ́wọ́ yín.

Ẹni tó bá wá Ra6 láti inú ìrìn tó dùn mọ́ rúùkù kò lè rí i láéláé. Ìrìn tí Dúdú ní lọ́wọ́ la fi rí i.

Kí ni wọ́n ń pè ní zugzwang?

Ọ̀rọ̀ Jámánì ni. Ó jẹ́ ipò tí èèyàn ì bá yè ká ní wọ́n gbà á láyè kó jókòó jẹ́ẹ́, àmọ́ òfin ní dandan ni kó rìn, ìrìn yòówù tó bá sì rìn ló máa pa á. Ohun tí Ra6 ṣe nìyẹn. Nígbà tí ọmọ ayò bá ti kù díẹ̀, tí pọ́ọ̀nù há, tí ọba kò sì ní ju ilé kan lọ, ẹ ṣe bíi pé Dúdú ló kàn nísinsìnyí, kẹ́ ẹ wo ohun tí ìrìn kọ̀ọ̀kan yóò dá sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti bà á jẹ́, ìrìn tí kò yí nǹkan kan padà ni kẹ́ ẹ máa wá. Bí ẹyọ kan bá yọ ọ́, ẹni yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dí.

Kí ló dé tí ẹṣin mi fi máa ń pẹ́ dé pẹ̀lú ìrìn kan, tàbí kó yá jù pẹ̀lú ìrìn kan?

Nítorí àwọ̀ ilé ni. Bí ẹṣin bá fò láti ilé funfun, ilé dúdú ló máa balẹ̀ sí; bó bá tún fò, ó padà sórí funfun. Kò sí ọgbọ́n tí ẹṣin lè dá láti fi ìrìn kan ṣòfò. Ọba lè yí po nílé mẹ́ta kó padà síbi tó wà, rúùkù lè sún díẹ̀, ẹṣin kò lè ṣe é.

Funfun: ọba c1, ẹṣin d5. Dúdú: ọba a1, pọ́ọ̀nù a3, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí a1. Funfun ló kàn, méètì ní ìrìn 2. Irú méètì yìí ni wọ́n ń pè ní ti Stamma, nítorí Philipp Stamma, ará Aleppo, tó gbajúmọ̀ nínú ayò yìí ní nǹkan bí ọdún 1737.

Ọba c1 ti gba b1 àti b2. A2 ló ṣí sílẹ̀, fún ọba àti fún pọ́ọ̀nù. Bí pọ́ọ̀nù Dúdú bá wá jókòó sí a2 fúnra rẹ̀, ọba rẹ̀ kò ní ihò kankan mọ́, ṣẹ́ẹ̀kì ẹṣin láti b3 tàbí c2 sì ti di méètì. A fẹ́ kí pọ́ọ̀nù lọ sí a2, kí ọba má lè lọ síbẹ̀. Ilé wo ni ẹṣin lè dúró sí tí yóò fi ṣọ́ a2, tí yóò sì tún lè fò sí b3 tàbí c2 lẹ́yìn rẹ̀? B4 ni. 1.Nb4 a2 2.Nc2#. Dúdú kò ní ìrìn mìíràn láàárín.

Ẹ wo ohun tí àṣìṣe kan lè dá sílẹ̀. 1.Kc2 dà bí ìrìn ọmọlúàbí, ó tẹ ọba Dúdú mọ́gi. 1...a2 ni yóò fi dáhùn. Ẹṣin ṣì wà ní d5, ilé funfun; b3 àti c2, ilé funfun náà ni. Kò lè dé ibẹ̀ ní fífò kan. Fífò yòówù tó bá fò, Dúdú kò ní ìrìn, kò sì sí ṣẹ́ẹ̀kì lórí rẹ̀: sitéèlìméètì, ọ̀mì. Bí ọba bá padà sí c1, sitéèlìméètì náà ni. Bó bá sún sẹ́yìn lọ síbòmíràn, ọba Dúdú ti bọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀mì ló dára jù tí Funfun lè rí.

1.Nc3 ńkọ́? Àwọ̀ rẹ̀ bá a mu, ó sì ń ṣọ́ a2, ṣùgbọ́n láti c3 ẹṣin kò lè fò sí b3 tàbí c2. 1.Ne3 lè fò sí c2, ṣùgbọ́n kò ṣọ́ a2, ọba á gba ibẹ̀ jáde. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìrìn ẹṣin, ẹ kọ́kọ́ wo àwọ̀ ilé tó wà àti àwọ̀ ilé tí yóò ti pa ọba. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni yóò gbà yín, á sì yọ yín nínú ìdajì ìwádìí náà.

Mo ní ayaba, òun ní ọba lásán, síbẹ̀ ọ̀mì la ta. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ayaba lágbára jù fún ọba tó há sí kọ̀rọ̀. Funfun: ọba f6, ayaba b1. Dúdú: ọba h8. Bí ẹ bá rìn 1.Kf7, ayaba láti b1 ti ń ṣọ́ h7 láti igun sí igun, ọba f7 gba g8 àti g7, kò sí ṣẹ́ẹ̀kì: ọ̀mì. 1.Qg6 náà, ọ̀mì. Ìrìn méjèèjì ló ń wu ojú. 1.Qb7 ló tọ̀nà: ó gba g7 àti h7, ó fi g8 sílẹ̀, 1...Kg8 2.Qg7#. 1.Qg1 náà á ṣe é, torí 1...Kh7 2.Qg7#. (Ìdáhùn ti ju ẹyọ kan lọ nìyẹn, nítorí náà ẹni tó ń to àlọ́ kò ní gbà á. Lójú eré, ẹ gba èyí tó bá wù yín.)

Òfin tó rọrùn: lẹ́yìn ìrìn tí kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ na ìka sí ilé kan tí ọba alátakò lè lọ. Bí ẹ kò bá rí i, tí kò sì ní ọmọ ayò mìíràn tó lè rìn, ẹ dá ọwọ́ dúró.

Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí pọ́ọ̀nù di ohun mìíràn dára ju kó di ayaba lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, sitéèlìméètì ló sì sábà máa ń fà á. Èyí tó lókìkí jù ni ti 1895, tí ìrìn àrà rẹ̀ wá láti ọwọ́ Fernando Saavedra, àlùfáà ará Sípéènì tó ń gbé ní Glasgow. Funfun: ọba b6, pọ́ọ̀nù c6. Dúdú: ọba a1, rúùkù d5. Funfun ló kàn, yóò sì borí.

1.c7 Rd6+ 2.Kb5. Kì í ṣe Kc5, nítorí Rd1, bí pọ́ọ̀nù bá sì di ayaba, Rc1+ á gbà á. Kì í ṣe Kb7 náà, torí Rd7 á kan pọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Ọba á máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà b: 2...Rd5+ 3.Kb4 Rd4+ 4.Kb3 Rd3+ 5.Kc2. Ṣẹ́ẹ̀kì ti tán lọ́wọ́ Dúdú, àmọ́ ó dẹ pańpẹ́ kan: 5...Rd4. Bí ẹ bá ní 6.c8=Q (pọ́ọ̀nù di ayaba), Rc4+ ni yóò fi dáhùn, 7.Qxc4 sì di sitéèlìméètì, torí ayaba ń ṣọ́ a2, ọba c2 gba b1 àti b2. Ìdáhùn ni 6.c8=R. Rúùkù kò ṣọ́ igun, nítorí náà pańpẹ́ kò mú un. Ó sì ń halẹ̀ Ra8#. 6...Ra4 nìkan ni Dúdú ní, 7.Kb3 wá halẹ̀ méjì pọ̀: ó fẹ́ jẹ rúùkù a4, ó tún fẹ́ Rc1#. Dúdú kò lè gba méjèèjì sílẹ̀.

Ìrìn mélòó ló yẹ kí méètì gbà pẹ̀lú ọmọ ayò wo?

Sí ọba lásán, bí ẹnì kan kò bá ṣàṣìṣe: ayaba kò ní ju ìrìn 10 lọ, rúùkù kò ní ju 16, bíṣọ́ọ̀bù méjì 19, bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin 33. Ti ìkẹyìn yìí ló ń da àgbà láàmú, torí kọ̀rọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bíṣọ́ọ̀bù mu nìkan lẹ ti lè fi ipá pa á. Ẹṣin méjì kò lè fi ipá pa ọba lásán, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá rìn sínú rẹ̀. Bí ó bá ní pọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́, ẹṣin méjì lè pa á nígbà mìíràn, nítorí pọ́ọ̀nù yẹn fún un ní ìrìn tí kò jẹ́ kó di sitéèlìméètì. Pọ́ọ̀nù tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ ló wá pa á.

Kọ̀ǹpútà ní méètì ní ìrìn 3, èmi rí ti 5. Ṣé mo ṣìnà?

Lójú eré, rárá: ẹni tó pa ọba ti pa á. Nínú àlọ́ tó dárúkọ iye ìrìn, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kò tíì yanjú rẹ̀.

Bí ọmọ ayò tó wà lórí pátákó kò bá ju 7 lọ, pẹ̀lú ọba méjèèjì, ìdáhùn pípé wà nínú àwọn àkójọ tí kọ̀ǹpútà ti ṣírò tán. Ti Lomonosov, tí wọ́n ṣe ní Moscow ní 2012, ń ka iye ìrìn tó kù kó tó di méètì. Èyí tó gùn jù tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́ ìrìn 549. Ti Syzygy, tí Ronald de Man dá sílẹ̀, ń ka iye ìrìn títí dé ìgbà tí nǹkan máa jẹ nǹkan tàbí tí pọ́ọ̀nù máa sún. Nítorí náà, ẹ má ya ẹnu bí nọ́ńbà Syzygy kò bá bá ti méètì tí ẹ kà mu.

Ìdí tí Syzygy fi kà á bẹ́ẹ̀ ni òfin ìrìn 50: bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti rìn 50 láìjẹ nǹkan, láìsún pọ́ọ̀nù, ẹni tó kàn lè béèrè ọ̀mì. Tó bá di 75, ọ̀mì ni láìbéèrè, àyàfi bí ìrìn ìkẹyìn bá jẹ́ méètì.

Kí ló fà á tí mo fi ń rí méètì tí kì í ṣe méètì?

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ ayò tó lọ fún ṣẹ́ẹ̀kì ló ń ṣọ́ ihò kan tẹ́lẹ̀, bó ṣe ṣí ni ihò náà ṣí, bíi ti Rh1+ tí a rí lókè. Lẹ́yìn èyí ni ti ilé tó wà lẹ́yìn ọba: èèyàn á rò pé ọba fúnra rẹ̀ dí rúùkù lọ́nà, á gbàgbé pé bí ọba bá sún sẹ́yìn lórí ìlà kan náà, ṣẹ́ẹ̀kì ṣì wà lórí rẹ̀. Èyí máa ń jẹ́ kí èèyàn sọ pé kì í ṣe méètì nígbà tó jẹ́ méètì.

Ẹ tún máa wo bóyá ohun tó ń gbe ọmọ ayò yín lẹ́yìn ti di kíkàn mọ́lẹ̀. Fún ti ọba, kò sí wàhálà: ọmọ ayò tó di kíkàn mọ́lẹ̀ ṣì ń ṣọ́ ilé, ọba alátakò kò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọ ayò Dúdú ló di kíkàn, ẹ má kà á mọ́ àwọn tó lè jẹ ọmọ ayò yín tàbí dí ṣẹ́ẹ̀kì, àfi bó bá jẹ́ lórí ìlà tí wọ́n kàn án mọ́ gan-an.

Èyí tó kẹ́yìn ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó máa ń dunni: bí pọ́ọ̀nù yín bá fo ilé méjì láti ibi tó bẹ̀rẹ̀, tí ó sì fi bẹ́ẹ̀ mú méètì wá, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí pọ́ọ̀nù Dúdú bá wà níbẹ̀, ó lè jẹ ẹ́ bíi pé ilé kan ló sún, méètì yín á sì tú ká.